Títẹ àwòrán òrìṣà Híńdù fún ara ògiri ilé

Iṣẹ́ Raja Ravi Varma (1848–1906) ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ayàwòrán ọmọ Íńdíà ni, ó sì dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Bombay ní 1894, kí àwòrán Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, àti Saraswati, òrìṣà ìmọ̀, lè dé ilé mẹ̀kúnnù.

Fáìlì àwòrán inú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ dúró lé. Fún kánfáàsì (aṣọ líle tí a ń tẹ àwòrán sí) 40 × 60 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán kí fáìlì náà ní píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 2,400 × 3,600. Bó bá dín, ojú òrìṣà á ṣe bàìbàì. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ ẹ̀yìn àwòrán, torí etí yẹn ló máa ká mọ́ igi férémù. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ọwọ́ mẹ́rin Lakshmi lè ká lọ sẹ́yìn, ìyẹn ò sì dára rárá.

Aṣọ pupa tí òrìṣà wọ̀ nínú àwòrán ló ń dani láàmú jù. Ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀, kánfáàsì kì í tàn, nítorí náà pupa á ṣú. Ẹ tẹ abala kékeré wò ná, kí ẹ tó tẹ odidi.

Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń pa. Àwọ̀ á ṣá. Ẹ gbé e sókè ju ojú lọ, kó jìnnà sí ilé ìwẹ̀.