Ṣé orúkọ ìkànnì mi ni kò jẹ́ kí Google rí mi? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Adó-Èkìtì

Iṣẹ́ ìkànnì ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Ìbéèrè tó ń wá sọ́dọ̀ mi jù kì í ṣe ti àwọ̀ tàbí ti àwòrán, ti orúkọ ni: dòméènì (orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ láti dé ìkànnì) wo ni kí n rà, kí sì ni kí n ṣe sí èyí tí mo ti rà tí ẹnikẹ́ni ò rí. Mo kó díẹ̀ nínú wọn jọ síbí, mo sì yọ orúkọ àwọn tó béèrè kúrò.

Ìbéèrè: Ìrẹsì Ìgbẹmọ ni mò ń tà, ọmọ mi. Ìkànnì mi ti pé oṣù mẹ́rin, bí mo bá sì tẹ orúkọ ọjà mi sí Google, n kì í rí ara mi. Ọmọkùnrin tó bá mi ṣe é ní orúkọ náà ni kò dáa, pé kí n san owó òmíràn kí òun lè ra èyí tó gùn, tí "best", "igbemo", "rice" àti "ekiti" á wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san án, màmá. Ẹ kọ́kọ́ tẹ nǹkan kan sí Google lórí fóònù yín: site, kí àmì : tẹ̀ lé e, kí orúkọ ìkànnì yín tẹ̀ lé ìyẹn láìfi àyè sílẹ̀ rárá. Bí ojú ewé yín bá jáde, Google ti mọ̀ yín, ó kàn rí àwọn tó ní ọ̀rọ̀ jù yín lọ ni. Bí kò bá sí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, orúkọ ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí màmá gbé fóònù wá, òfìfo ló jáde. Mo wọ inú WordPress wọn, ìyẹn ètò tí wọ́n fi kọ́ ìkànnì náà, mo lọ sí Settings, mo tẹ Reading. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ìkànnì náà ti fàmì sí i nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kó má baà hàn síta kó tó parí, ó sì gbàgbé láti yọ ọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ìkànnì yẹn fi ń sọ fún Google pé kó má wọlé. Mo yọ àmì náà, mo fi ìkànnì náà sínú Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ni ìkànnì, kí Google lè wá wò ó, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí dòméènì tuntun kankan tí ì bá gbà wọ́n.

Ní ti orúkọ gígùn yẹn, ayé rẹ̀ ti kọjá. Nígbà kan, ẹni tó bá fi ohun tí èèyàn ń wá gan-an ṣe orúkọ a máa jáde lókè, ìkànnì rẹ̀ ì báà ṣófo. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni Google gbé ètò kan jáde láti já irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lónìí, àwọn fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn pé ọ̀rọ̀ ìwákiri tó wà nínú dòméènì nìkan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ipa kankan. Inú ìkànnì ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀, màmá. Ẹ kọ "Igbemo", ẹ sì kọ "Igbimo" náà, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń pe ìrẹsì yín bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ bí ẹ ṣe ń bọ̀ ọ́, bí ẹ ṣe ń ṣa òkúta rẹ̀, iye tí àpò kan jẹ́ àti ibi tí ẹ lè gbé e dé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, iṣu ni èmi àti ìyàwó mi ń kó láti Ìkọ̀lé lọ sí Èkó. A fẹ́ pe ìkànnì wa ní "usuoloko", torí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn. Ẹnì kan ní orúkọ náà kò ní rìn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọmọ Èkìtì ni mí, àbúrò, orúkọ náà dùn mọ́ mi létí. Ulé ni à ń pe ilé, usu ni à ń pe iṣu. Àmọ́ ta lẹ fẹ́ tà fún? Bí ará Èkó bá gbọ́ "usu" lórí rédíò, "isu" ni ọwọ́ rẹ̀ máa tẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa já sí. "Oloko" náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí a bá ti ṣí àmì lórí rẹ̀, olóko, ọlọ́kọ̀ àti ọlọ́kọ́ di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn á rò pé ẹrù lẹ fi ọkọ̀ ń gbé.

Orúkọ kò gbé èèyàn ga lórí Google mọ́ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ lè padà wá tẹ̀ ẹ́ láìbéèrè. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìdánwò kan tí n kì í fò. Mo máa ń pe èèyàn mẹ́ta lórí fóònù, mo á sọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, n kò ní pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo á wá ní kí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nígbà tí a dán ti àbúrò yìí wò, ẹni àkọ́kọ́ tẹ "isuoloko", ẹnì kejì tẹ "usu olooko", ẹnì kẹta sì dá ìbéèrè padà: "Kí lẹ wí?" Wọ́n wá mú orúkọ ìdílé wọn, wọ́n so "isu" mọ́ ọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ èyí bákan náà. "Usu" ṣì wà nínú ìkànnì wọn, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn oko bàbá wọn, ó sì dùn ún kà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ lórí ayélujára. Mo fẹ́ kí dòméènì mi ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí òbí kan, "xn--" àti àwọn lẹ́tà tí n kò mọ̀ ló rí.

Ìdáhùn: Lẹ́tà a sí z, òǹkà 0 sí 9 àti dáàṣì nìkan ni ètò dòméènì mọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́tà tó bá ní àmì, ńṣe ni wọ́n ń yí i padà sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "xn--". Bíráwúsà (browser) tí a fi ń ṣí ìkànnì sì máa ń fi ojú rẹ̀ yẹn hàn nígbà mìíràn, nítorí àwọn oníjìbìtì a máa fi lẹ́tà tó jọra wọn ṣe ayédèrú ìkànnì báńkì. Òbí tó bá rí i á sá. Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí mo fẹ́ kí a máa kọ èdè wa pé, ṣùgbọ́n ẹ fi dòméènì sílẹ̀ láìlámì. Ẹ wá fi àmì kọ àkọlé àti gbogbo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè: Ilé ẹ̀kọ́ girama ni tiwa ní Ìkẹ́rẹ́. .com, .com.ng àbí .sch.ng?

Ìdáhùn: .sch.ng, ọ̀gá. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi tiyín ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, .edu.ng sì wà fún yunifásítì àtàwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. NiRA ló ń bójú tó gbogbo ohun tó bá parí sí .ng. Google máa ń ka .ng sí àmì pé ará Nàìjíríà ni ìkànnì náà wà fún, ohun tí òbí tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ sì ń wá nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ará London lẹ ń tà fún ni, màá ní kí ẹ mú .com, torí kò so mọ́ orílẹ̀-èdè kankan.

Ìbéèrè: Dáàṣì ńkọ́? Òǹkà ńkọ́?

Ìdáhùn: Dáàṣì kan kò burú bí ọ̀rọ̀ méjì bá lẹ̀ pọ̀ tí ìtumọ̀ sì yí padà. Méjì tàbí mẹ́ta ti ń jọ ti oníjìbìtì. Òǹkà, ẹ yẹra fún un: ẹni tó gbọ́ "four" kò mọ̀ bóyá 4 ni kóun tẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ yí orúkọ mi padà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé màá pàdánù ipò mi.

Ìdáhùn: Ó máa mì díẹ̀. Ẹ fi 301, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ pé ojú ewé ti kó lọ pátápátá, darí ojú ewé kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an lórí ìkànnì tuntun. Ẹ má da gbogbo wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ lo Change of Address nínú Search Console láti sọ fún Google pé ẹ ti kó lọ. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí 301 náà wà fún ọdún kan, ẹ má sì jẹ́ kí dòméènì àtijọ́ bọ́ lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó ra tuntun náà, ẹ wò ó lórí web.archive.org, níbi tí wọ́n ń tọ́jú bí ìkànnì ṣe rí tẹ́lẹ̀, bóyá ẹnì kan ti fi ta tẹ́tẹ́ rí.

Ìbéèrè: Ta ló yẹ kó bá mi ra dòméènì?

Ìdáhùn: Ẹnikẹ́ni lè bá yín rà á, ṣùgbọ́n orúkọ yín àti ímeèlì yín ni kó wà lórí rẹ̀. Oníbàárà mi kan tó ń hun aṣọ òkè ní ìkànnì tó ń tà dáadáa. Ẹni tó ṣe é fún un ti lọ sí òkè òkun, ímeèlì ẹni yẹn ni wọ́n sì fi ń kìlọ̀ pé owó ọdún ti tó san. Kò sẹ́ni tó rí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa dòméènì .com tí wọn kò san owó rẹ̀ rẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń fún olówó rẹ̀ láti fi owó gọbọi rà á padà. Ìyẹn náà kọjá lórí obìnrin náà. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ìkànnì tẹ́tẹ́ ló ti wà níbẹ̀, káàdì tó tẹ̀ fún oníbàárà lọ́dún méjì sì ń ju èèyàn síbẹ̀. N kò rí i gbà padà fún un.

Ẹ wá ìwé ìsanwó dòméènì yín jáde, ẹ wo ímeèlì tó wà lórí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ pe ẹni náà lónìí kó gbé e fún yín nígbà tí ẹ ṣì ń gbúròó rẹ̀.