Mọ́tò tó ń gbóná nínú gó-síló: ẹ kọ́kọ́ wo fáànù

Bí mọ́tò yín bá ń gbóná nínú gó-síló nìkan, tó sì ń balẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ń sáré, ẹ má tíì ra rédíétọ̀ (ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù) tuntun. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti ẹ́síì, kẹ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, fáànù oníná gbọ́dọ̀ yí láìpẹ́. Tí ò bá yí, ẹ yẹ fíúsì àti rílè rẹ̀, ìyẹn swíìṣì tó ń fún un níná, wò (owó kékeré nìyẹn), kẹ́ ẹ tó kan fáànù fúnra rẹ̀. Lórí eré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tu rédíétọ̀ lára. Tí mọ́tò bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Àmọ́ tó bá ń gbóná lórí eré náà, ẹjọ́ fáànù kọ́ o, ẹ lọ wo omi rédíétọ̀, thermostat (tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tó bá gbóná) àti water pump (tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná, omi ibẹ̀ ń bó èèyàn lójú.