Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ nígbà tí Akẹ́kọ̀ọ́ bá ń Ṣèwádìí Sáíkọ́lọ́jì ní Ilé-Ìkàwé Yunifásítì

Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn nínú ẹ̀kọ́ sáíkọ́lọ́jì mú orí kejì iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ya àwòrán onígun mẹ́ta kan sínú rẹ̀, ó pín in sí ìpele márùn-ún, ó fi oúnjẹ àti omi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà pé Abraham Maslow, onísáíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà tí ó kọ nípa àwọn àìní ẹ̀dá, ni ó yà á ní ọdún 1943. Mo bi í pé níbo ni ó ti rí i. Ó ní, “Inú handout tí wọ́n fún wa ni, mà, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ ọ́n.” A jọ jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, a wá àpilẹ̀kọ Maslow gan-an jáde láti inú jọ́nà Psychological Review, a sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i láti ojú ìwé 370 títí dé 396. A kò rí onígun mẹ́ta kankan níbẹ̀. Ohun tí a rí ni ibi tí Maslow fúnra rẹ̀ ti sọ pé ètò tí òun to àwọn àìní ẹ̀dá sí kò le koko bí ó ṣe lè jọ lójú òǹkàwé, àti pé kò di dandan kí àìní kan tẹ́ ènìyàn lọ́rùn pátápátá kí èyí tí ó tẹ̀lé e tó yọjú. Odidi ìpínrọ̀ méjì ni ọmọ náà sì ti fi kọ òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí.

Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí pé òun ni àṣìṣe tí mo máa ń rí jù, òun náà ni ó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù: kí ènìyàn wà nínú ilé tí wọ́n kó orísun ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, kí ó wá jẹ́ pé ẹnu ẹni tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni yóò ti máa gbọ́ ọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Kitty Genovese, tí wọ́n pa ní Queens, nílùú New York, ní oṣù kẹta ọdún 1964. Ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé ènìyàn 38 ni ó rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ tí wọn kò sì ṣe nǹkan kan. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ sáíkọ́lọ́jì gba ìtàn náà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń tún un tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí Manning, Levine àti Collins fi padà tú àwọn àkọsílẹ̀ ìgbà náà wò, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú jọ́nà American Psychologist ní ọdún 2007 pé kò sí ẹ̀rí tí ó gbe ìtàn àwọn ènìyàn 38 tí wọ́n kàn dúró ń wòran lẹ́yìn. Èyí kò sọ pé ìdánwò tí Darley àti Latané ṣe ní ọdún 1968 lórí bí pípọ̀ àwọn tí ń wòran ṣe ń dín ìrànlọ́wọ́ kù di òfo, nítorí pé ìyẹn dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣì ń kọ iye 38 yẹn sílẹ̀ bí òótọ́ pọ́ńbélé lónìí ń fi han olùyẹ̀wò pé ìwé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan ṣoṣo ni òun kà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ẹlòmíràn tí ẹ fẹ́ lò, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, ẹ kọ orúkọ jọ́nà, ọdún, ìdìpọ̀ àti ojú ìwé sílẹ̀, kí ẹ sì lọ wá orísun rẹ̀. Bí ẹ bá wá a títí tí ẹ kò rí i, ẹ sọ ọ́ gbangba pé inú ìwé báyìí ni ẹ ti rí i. Kí ẹ kọ orúkọ Maslow sínú ìwé ìtọ́kasí bí ẹni pé ẹ ti ka iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ẹ kò fojú kàn án rí, irọ́ ni, ojú irọ́ sì ni ó yẹ kí a fi wò ó. Ẹ̀rọ tí ń dá ọ̀rọ̀ kọ, bíi ChatGPT, tún ti wá dá kún ìṣòro yìí, nítorí pé ó lè to orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ọdún jọ fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Èyíkéyìí tí ó bá dárúkọ fún yín, ẹ kọ́kọ́ wá a rí nínú àká ilé-ìkàwé kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ sínú àpótí ìwárí náà ń fa wàhálà ńlá. Ẹnìkan yóò tẹ odidi àkọlé iṣẹ́ rẹ̀, láti orí “effect of” títí dé orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ti fẹ́ pín ìwé ìbéèrè, kọ̀ǹpútà yóò ní òun kò rí nǹkan kan, ó sì di kí ó kọ ọ́ sínú orí kìíní pé kò sí ẹni tí ó tíì ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà rí. Àìmọ̀ọ́wá ni, kì í ṣe àìsí. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ẹ tú àkọlé yín sí èrò méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì ronú lórí gbogbo orúkọ tí àwọn aṣèwádìí lè máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí ìbẹ̀rù ìdánwò yóò fi “test anxiety” sínú àmì àyọlò kí ọ̀rọ̀ méjèèjì má baà pínyà, yóò fi OR (“tàbí”) so ó mọ́ “examination anxiety”, yóò wá fi AND (“àti”) so wọ́n mọ́ èrò kejì. Ọ̀nà tí à ń gbà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níhìn-ín tún yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà: “behaviour” ni àwa ń kọ, “behavior” ni wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún, ìlàjì ìwé sì lè sá mọ́ ẹni tí ó tẹ ẹyọ kan lọ́wọ́. Bí ẹ bá tẹ “behavio*”, tí ẹ fi ìràwọ̀ parí rẹ̀, méjèèjì yóò jáde.

Nínú PsycINFO, àká àpilẹ̀kọ sáíkọ́lọ́jì orí kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn onísáíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan pàtó ni wọ́n fi ń ṣe àmì sára àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, láìka bí òǹkọ̀wé ṣe pè é sí. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ń tẹ àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ náà jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lò nínú àkójọ yìí máa ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí ìbá fi máa ṣe kiri.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣèwádìí àìsàn tí ó ní orúkọ ní èdè wa, nítorí pé iṣẹ́ wọn jẹ mí lógún gidigidi. Bí ẹ bá tẹ “òde orí” pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, àfàìmọ̀ ni kí àká ìwé ilẹ̀ òkèèrè má sọ fún yín pé kò sí, bẹ́ẹ̀ Makanjuola ti kọ nípa rẹ̀ nínú jọ́nà Acta Psychiatrica Scandinavica láti ọdún 1987. “Ode ori” lásán ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, ẹ fi dáàṣì sí àárín rẹ̀, ẹ pa á pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ tún wá “somatization” (kí ìdààmú ọkàn máa hàn bí àìsàn ara) àti “Yoruba” papọ̀, nítorí pé àwọn kan kọ nípa ohun kan náà láìdárúkọ rẹ̀.

Ní ti ìwé orí pẹpẹ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọjá BF, níbi tí ètò ìtòwé Library of Congress to sáíkọ́lọ́jì sí. Àìsàn ọpọlọ wà ní RC, sáíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ wà ní LB, ti àwùjọ sì wà ní HM. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ètò Dewey, 150 ni ibi tí gbogbo ènìyàn ń lọ, àmọ́ 616.89 (àìsàn ọpọlọ) àti 370.15 (sáíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́) náà kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé.

Ọjọ́ orí ìwé tún ṣe pàtàkì, kì í sì í ṣe pé kí a kàn sọ pé ohun tí ó bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ kò wúlò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ “brain fag” ṣe àpẹẹrẹ. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta, ni ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1960, lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná fún, tí ìwé kò wọ̀ wọ́n lójú mọ́. Inú Journal of Mental Science ni ó wà, ẹni tí ó bá sì wá jọ́nà náà dé ọdún 1963 yóò rò pé ó ti kú, nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ ni ó yí padà sí British Journal of Psychiatry. Ní ọdún 1994, DSM-IV, ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, to brain fag mọ́ àwọn àìsàn tí ó bá àṣà kan rìn, àmọ́ nínú DSM-5 ti ọdún 2013, kò ní ipò tirẹ̀ mọ́, ńṣe ni wọ́n kàn mẹ́nu bà á lábẹ́ òmíràn. Ẹni tí ó ka ìwé ti 1994 nìkan yóò sọ ohun tí ayé ti kọjá, ẹni tí ó sì ka ti 2013 nìkan kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, ẹ máa wò ó bóyá jọ́nà ti fa àpilẹ̀kọ kan yọ (retraction), ìyẹn ni pé wọ́n ti kéde pé kò ṣeé gbára lé mọ́. Nígbà tí àṣírí Diederik Stapel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Tilburg ní Nẹ́dálándì, tú ní ọdún 2011 pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun èsì ìwádìí, ó ju àádọ́ta àpilẹ̀kọ rẹ̀ lọ tí wọ́n fà yọ, ẹ̀dà wọn tí àwọn ènìyàn ti tẹ̀ sórí bébà sì ṣì wà káàkiri láìsí àmì kankan lára wọn.

Kíka àṣamọ̀ (abstract) nìkan jẹ́ ìwà tí ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Àṣamọ̀ lè má sọ ẹni tí wọ́n ṣèwádìí lé lórí, bẹ́ẹ̀ Henrich, Heine àti Norenzayan tọ́ka sí i ní ọdún 2010 pé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ṣèwádìí lé lórí nínú àwọn jọ́nà sáíkọ́lọ́jì pàtàkì ni ó wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ayé lọ. Abala ìlànà ìwádìí ni ẹ ó ti rí i bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ, tí ẹ̀yin sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ wọn lé àwọn ìyálọ́jà Bódìjà lórí. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwádìí kan ṣoṣo kì í ṣe ìdájọ́. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí tún 100 ìwádìí sáíkọ́lọ́jì ṣe, tí èsì rẹ̀ jáde nínú jọ́nà Science ní ọdún 2015, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ní èsì tí ó rinlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá 36 péré ni ó tún rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe fi owó yín ra àpilẹ̀kọ lọ́wọ́ àwọn tí ń tẹ jọ́nà kí ẹ tó bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé. Yunifásítì ni ó ń forúkọ sílẹ̀ fún Research4Life, ètò tí ń jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí rí jọ́nà kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó díẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì wà. AJOL (African Journals Online), tí ó ti wà láti ọdún 1998, ni ibi tí ẹ ó ti rí àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan Ife PsychologIA.

Àwọn iṣẹ́ àṣekágbá àti ti ọ̀mọ̀wé tí àwọn tí ó ṣáájú yín kọ sì wà nínú yàrá kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ̀ àfi bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àdàkọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìwé ìbéèrè tí ẹnìkan ti túmọ̀ sí Yorùbá, tí ó ti dán an wò lára àwọn ará ìlú yín, tí kò sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ má kàn ya fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kí ẹ máa pín in. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà bí ẹ ṣe lè kàn sí wọn, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda wọn sórí ìwé kí ẹ tó mú un jáde lọ bá ẹnikẹ́ni.