Ẹ Fi Sóyà àti Dàbínù Sínú Ògì Àárọ̀

Ògì gbígbóná láàárọ̀ kì í ṣe àjèjì nílé Yorùbá. Ọmọdé ń mu ún kó tó lọ sílé ìwé, àgbà ń mu ún kó tó kọrí sóko. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣe é ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ tó kàn ń kún inú lásán. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, eèrí tí a dà fún ewúrẹ́ àti adìẹ ló ń kó púpọ̀ nínú èròjà amúaradàgbà àti ọ̀rá inú àgbàdo lọ. Sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù fún ọmọ wa, ìdí nìyẹn tí ebi fi ń tètè pa á.

Ẹ̀wà sóyà lè dí àlàfo yẹn. Ó ti pẹ́ tí ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì ti gbé ọ̀nà yìí jáde, soy-ogi ni wọ́n pè é, kò sì sí ohun tó wà níbẹ̀ tí ìyá ológì kò lè ṣe lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Àgbàdo tàbí ọkà bàbà kóńgò 2, sóyà kóńgò 1.

Ẹ ṣa àgbàdo náà dáadáa kí omi tó kàn án. Èyí tó bá bu, ẹ má rẹ ẹ́, ẹ má sì dà á fún adìẹ. Májèlé aflatoxin tó wà nínú rẹ̀ kì í tán lórí iná, kíkan ògì kò sì lè lé e jáde. Ọjọ́ 2 sí 3 ni kí àgbàdo fi wà nínú omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́.

Ti sóyà yàtọ̀: kò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀rọ ní tútù. Ohun kan wà nínú sóyà tí iná kò rà tí kì í jẹ́ kí ikùn lo èròjà amúaradàgbà rẹ̀, òórùn ẹ̀wà tútù tó máa ń ní ló sì ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Ẹ jẹ́ kí omi hó ná kí ẹ tó dà á sí i, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 30, ẹ fọwọ́ bó o nínú omi tútù kí èèpo rẹ̀ léfòó, ẹ da èèpo nù. Ẹ pò ó mọ́ àgbàdo, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tòrò mọ́jú.

Dàbínù ni kó rọ́pò ṣúgà. Bíi 5 tó ẹnì kan. Ẹ là á sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má kàn rọ́ ọ sínú ìkòkò: dàbínù tó ń dán lóde lè ní kòkòrò nínú, tàbí lẹ́búlẹ́bú dúdú bí èédú yí kóró rẹ̀ ká. Jíjù ni kí ẹ ju irú ẹ̀ nù. Ẹ yọ kóró, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀.

Dída omi híhó lé ògì lórí nínú abọ́ kò tó fún ti sóyà. Ẹ fi omi tútù po ògì kó má baà ṣù, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sínú omi tó ń hó, ẹ máa rò ó lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú 5. Ẹ wá da dàbínù àti omi rẹ̀ sí i. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó na ọwọ́ sí ṣúgà. Kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà má kọjá dàbínù 1 tàbí 2, torí adùn inú rẹ̀ náà ṣúgà ni.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni tirẹ̀. Tó bá ti lé e, ẹ gún dàbínù kúnná, ẹ sẹ́ ẹ, kó má baà há a lọ́fun. Kí ògì rẹ̀ ki, kó má máa ṣàn dànù lórí ṣíbí. Ikùn ọmọ kéré, ẹ má fi omi lásán kún un.

Ẹni tó jẹ́ pé oats ló ń rà, eèrí tirẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Dàbínù àti ẹ̀pà lílọ̀ bá a mu dáadáa.

Ògì sóyà máa ń tètè bàjẹ́ ju ògì lásán lọ. Ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ẹ lè mu tán ní ọjọ́ 2 sí 3, kí ẹ máa pààrọ̀ omidùn orí rẹ̀ láràárọ̀. Bí fíríìjì bá wà, ẹ fún omi rẹ̀ dànù nínú àpò, ẹ dì í sínú ọ̀rá níwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan mímu. Èyí tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ dà á nù.