Wọ́n ní kẹ́ ẹ má lo orúkọ iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yín mọ́? Ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó wá bá mi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú, kò ju kí n bá yín forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, kí n ra domain (àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù yín, bíi èyí tó parí sí .com), kí n ṣe wẹ́ẹ̀bù. Àmọ́ ẹni tó bá ti gba lẹ́tà lọ́yà pé kó má lo orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń sáré bọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń gbé wá.

Mo ní ìwé CAC. Ṣé kò tó ni?
Kò tó. CAC kì í fúnni ní trademark, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fúnni lórí orúkọ téèyàn fi ń tajà. Ọ́fíìsì trademark wà lọ́tọ̀ ní Àbújá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ra domain ńkọ́?
Domain lẹ rà, ẹ ò ra orúkọ.

Kí ló dé tí wọn ò gba "Ìkòròdú Delivery" wọlé fún mi?
Torí pé gbogbo wa la ni Ìkòròdú. Orúkọ ìlú, tàbí orúkọ tó kàn ń sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà, ó ṣòro kí wọ́n fi í fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wá òmíràn.

Ẹnì kan ń jẹ́ orúkọ mi, àmọ́ bàtà ló ń tà, oúnjẹ lèmi ń gbé kiri.
Kíláàsì 45 ni wọ́n pín ọjà àti iṣẹ́ sí nínú trademark. Bàtà wà ní 25, gbígbé ẹrù kiri wà ní 39. Tí kò bá ṣe bí ẹni pé ẹ̀ka yín lòun, ẹ jẹ́ kó máa ta bàtà rẹ̀.

Wọ́n ti fi orúkọ mi ra .com, wọ́n ní kí n wá san mílíọ̀nù méjì.
Ẹ má tíì sanwó. Láti 1999 ni ètò kan ti wà fún ìjà lórí domain, tí wọ́n ń pè ní UDRP. Nǹkan mẹ́ta lẹ máa fi hàn: pé orúkọ náà jọ tiyín, pé ẹni yẹn ò ní ẹ̀tọ́ sí i, àti pé èrò burúkú ló fi rà á tó sì ń lò ó. Èyí ìkẹyìn yẹn ló máa ń ṣòro fún àwọn èèyàn. Ní WIPO, àjọ àgbáyé kan tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, 1,500 dọ́là ni owó rẹ̀ tó bá jẹ́ adájọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá jàre, wọ́n lè gba domain náà fún yín, àmọ́ ẹ ò ní gba kọ́bọ̀ owó ìtanràn. Tó bá jẹ́ .ng, NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, ní ètò tiwọn.

Mo ti ń lo orúkọ náà kí wọ́n tó dé, àmọ́ n ò forúkọ sílẹ̀. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?
Èyí ni mo lè sọ lójú oorun, torí orí mi ló ti ṣẹlẹ̀.

Kí n tó dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀, mo ní iṣẹ́ kan tí mo pè ní Wáágbà. Ẹ ó béèrè ẹja Ìjẹ̀dẹ́ lórí WhatsApp, ọlọ́kadà mi á gbé e dé Agric tàbí Ìgbógbó. Ó ti lé lọ́dún méjì kí lẹ́tà tó dé látọ̀dọ̀ lọ́yà ilé-iṣẹ́ kan tí n ò ní dárúkọ: àwọn ló ni Wáágbà, ìwé wọn ti wà ní Àbújá, kí n pa ojú ewé mi rẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo kọ èsì tó gbóná ju ata lọ. Ìyàwó mi ló já fóònù gbà kí n tó fi ránṣẹ́.

Lọ́yà tí mo lọ bá ò tilẹ̀ wo ìwé CAC mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Kí lẹ fi máa hàn pé ẹ ti ń lò ó?" Domain kẹ̀? Ọmọ tó ṣe wẹ́ẹ̀bù fún mi ti fi orúkọ àti ímeèlì ara rẹ̀ rà á, ó sì ti jápa lọ Kánádà. (Ẹ lọ yẹ tiyín wò lónìí.) Fóònù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti bọ́ sómi ní jẹ́tì Ìjẹ̀dẹ́. Facebook ló kọ́kọ́ gbà mí: ojú ewé máa ń fi ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ hàn, àti orúkọ tó ti jẹ́ rí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bàbá tó máa ń bá mi tẹ náílọ́ọ̀nù. Bàbá yìí kì í da ìwé nù. Páálí Indomie mẹ́ta ló fà jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, rìsíìtì ló kún inú wọn. A tú u títí ọwọ́ mi fi dúdú. Kábọ́ọ̀nù ti ń ṣá, epo pupa ti kán sí igun kan, síbẹ̀ ó ṣeé kà: "Wáágbà, náílọ́ọ̀nù 500", ọjọ́ sì wà lára rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan ṣáájú ọjọ́ tí àwọn yẹn kọ̀wé sí Àbújá.

Ìwé tiwọn náà ò tíì jinná. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú Trademarks Journal, ìwé tí wọ́n fi ń kéde orúkọ tuntun, ni, kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó sọ̀rọ̀. Oṣù méjì ni òfin fi sílẹ̀ fún ìyẹn. Nínú tèmi, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. A takò ó. Oṣù kan ni àwọn náà ní láti fèsì, wọn ò fèsì, ìwé wọn sì di èyí tí wọ́n pa tì. Mo wá fi tèmi sílẹ̀: ọdún 7 ló máa ń lò lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ lè máa tún un ṣe ní ọdún 14, ọdún 14.

Ká ní oṣù méjì yẹn ti kọjá ńkọ́? Òfin ṣì dáàbò bo ẹni tó ti ń lo orúkọ náà láìdáwọ́ dúró ṣáájú tiwọn, ó lè máa lò ó lọ. Àmọ́ rìsíìtì yẹn náà ni wọ́n á béèrè.

Ti domain, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bẹ ọmọ Kánádà kó tó fi kóòdù tí mo máa fi gbà á sọ́wọ́ ránṣẹ́.

Ìgbà wo ni kí n pe lọ́yà?
Kẹ́ ẹ tó fèsì. Ẹ má gbé e lọ tèṣán ọlọ́pàá, ẹ má sì ní kí n bá yín kọ èsì kankan, n ò kọ. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ trademark, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti máa fi gúgù kọ́ òfin. Lọ́yà tó ń ṣe trademark ni kẹ́ ẹ wá o, kì í ṣe èyí tó bá yín kọ ìwé ilẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà náà dání pẹ̀lú ẹnfilóòpù rẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò.