Wọ́n ti kánsù fíìmù tẹ́ ẹ fẹ́ràn lórí tẹlifíṣọ̀n? Bẹ́ ẹ ṣe máa jà á gbà padà rè é

Ẹ ti bá fíìmù kan bọ̀ láti ọdún méjì, ẹ mọ orúkọ gbogbo wọn títí dórí ajá ilé wọn, apá tó kẹ́yìn síísìn wá parí síbi tí wọ́n ti na ìbọn sí ẹnì kan, ẹ ní kò burú, ó dọdún tó ń bọ̀. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tẹ́ ẹ ṣí fóònù: wọ́n ti kánsù ẹ̀. Ṣé ìbọn yẹn dún àbí kò dún, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín mọ́. Ó ti ṣe mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú ẹ̀ ni mo bá àwọn èèyàn dá gúrúùpù sílẹ̀ ká lè jà á padà, a borí nínú ọ̀kan, ìkejì a ṣubú yakata, torí náà ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, ojú mi ló rí díẹ̀ nínú ẹ̀, ìyókù ni mo kà nípa àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti ń ja ìjà yìí látayé lẹ́tà.

Àkọ́kọ́, ẹ wádìí ẹni tó ni ín kẹ́ ẹ tó pariwo

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹni tó ń gbé fíìmù sáfẹ́fẹ́ lè má jẹ́ òun ló ṣe é. Ẹ rò ó bí àkàrà: ẹni tó ń dín in lọ́tọ̀, ẹni tó ń kiri ẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ẹni tó ń kiri bá ní òun ò tà mọ́, ẹni tó ń dín in ṣì lè gbé igbá fún ẹlòmíì. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kárùn-ún 2018, Fox, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, kánsù fíìmù Brooklyn Nine-Nine, gbogbo Twitter gbiná, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì NBC, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n míì, ti gbà á. Ariwo yẹn ṣiṣẹ́ o, mi ò ní kò ṣiṣẹ́, àmọ́ Universal Television tó ń ṣe fíìmù náà, ọmọ ìyá NBC ni, owó tó bá tìdí ẹ̀ jáde inú ilé kan náà ló ń bọ́ sí. Lọ́jọ́ kejì yẹn náà ni Fox kánsù Lucifer, Warner Bros. ló ń ṣe ìyẹn, kò sí ẹbí kankan tó sáré gbà á, ó di àárín oṣù kẹfà kí Netflix tó gbé e.

Nítorí náà, orúkọ wínníwínní tó máa ń sáré kọjá tí fíìmù bá parí, tí gbogbo wa máa ń pa tì, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ kà á. Ẹ wo iléeṣẹ́ tó ṣe é, kẹ́ ẹ wo àwọn tó jẹ́ ẹbí ẹ̀. Ẹ tún wádìí ìdí tí wọ́n fi gé e. Ṣé èèyàn ò wò ó ni? Àbí èèyàn ń wò ó àmọ́ ẹni tó ń gbé e jáde ò rówó níbẹ̀? The Expanse, ti ẹ̀yìn ni: ẹ̀tọ́ tí Syfy, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé e jáde, ní lórí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ò ju pé kí wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde, gbogbo àwọn tó ń lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá yá, kọ́bọ̀ wọn ò dé ọ̀dọ̀ Syfy. Àwọn fáànù mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò wá fi Syfy ṣe wàhálà, Amazon ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n dáwó, wọ́n háyà bàálù kan tó fa báńnà gígùn kọjá lókè iléeṣẹ́ Amazon ní Santa Monica, #SaveTheExpanse, kí ẹni tó bá gbójú sókè rí i. Kí oṣù kárùn-ún yẹn tó parí, Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ti kéde níwájú èrò pé àwọn ti gbà á, àwọn òṣèré fíìmù náà wà nínú gbọ̀ngàn yẹn gan-an.

Ẹ má fi falẹ̀

Òṣèré níwèé àdéhùn, ìwé náà sì lọ́jọ́ tó máa kú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ máa ń parí lápá ìparí oṣù kẹfà, lẹ́yìn ìyẹn òṣèré yín ti wà nínú fíìmù ẹlòmíì, ilé tí wọ́n fi pákó kàn tẹ́ ẹ rò pé ilé gidi ni, wọ́n ti tú u palẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ ní. Ẹ dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn bá jáde, kẹ́ ẹ mú èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tó máa ṣe alákòóso, ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, torí níbi tí ọ̀gá bá ti pé mẹ́wàá, ìpàdé ni wọ́n máa máa ṣe.

Háṣítáàgì kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́, kan ṣoṣo. Nínú èyí tá a ti ṣubú yẹn, oríṣi mẹ́ta la lò, ẹnì kan ní "save", ẹnì kan ní "bring back", ẹnì kẹta wá kọ orúkọ fíìmù náà ní gígékúrú, a pọ̀ o, àmọ́ a pín sí mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó yọrí. Ohun tó tún wá pa wá lẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀la ni pé aago mẹ́jọ àárọ̀ Èkó la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kẹ́ni kẹ́ni tó lọ síbi iṣẹ́. Oṣù kẹfà nìyẹn, tí aago mẹ́jọ tiwa jẹ́ aago mẹ́ta òru ní New York, tí Los Angeles ṣì wà ní aago méjìlá òru! Àwa là ń bára wa sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Nàìjíríà, ẹ dúró dìgbà tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sókè kí àwọn tẹ́ ẹ ń bá wí tó dé ọ́fíìsì.

Lẹ́tà ṣì ń ṣiṣẹ́

Ìparí 1967 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1968 ni ọ̀rọ̀ tàn ká pé NBC fẹ́ pa Star Trek. Tọkọtaya kan, Bjo àti John Trimble, ló kó àwọn èèyàn jọ láti máa kọ lẹ́tà. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí WhatsApp, ìwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn nílé. NBC fúnra wọn ní lẹ́tà tó wọlé lé ní 100,000. Àwọn ọmọ yunifásítì Caltech náà kóra jọ lóru, wọ́n gbé iná dání, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ síwájú iléeṣẹ́ NBC ní Burbank. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta 1968, bí fíìmù náà ṣe parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn báyìí, ohùn kan jáde látorí tẹlifíṣọ̀n pé ó máa padà wá o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà ti tó.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé kí kálukú fọwọ́ ara ẹ̀ kọ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ẹyọ kan tẹ́ ẹ ní kí gbogbo èèyàn ṣe kọ́pì ẹ̀, akọ̀wé tó ń ṣí i á ti mọ̀ nígbà tó bá ṣí ìkẹta, ó máa dì wọ́n pọ̀ sọ sápá kan. Ẹ kọ ọ́ kó mọ ní ojú ìwé kan. Ẹ sọ ọjọ́ orí yín, iṣẹ́ yín, ohun tẹ́ ẹ máa ń rà, torí ẹni tó ń polówó ọjà ló ń sanwó fíìmù, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Kò gbọdọ̀ sí èébú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi "Ọlọ́run máa bi yín" yẹn, ẹ fi sílẹ̀ sínú gúrúùpù tiyín.

Ẹ wá ohun kan tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Fíìmù kan wà lórí CBS tó ń jẹ́ Jericho, ìlú kékeré kan ní Kansas ni, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù ńlá ti ba àwọn ìlú Amẹ́ríkà jẹ́. Nínú apá tó parí síísìn kìíní, oṣù kárùn-ún 2007, ìlú kejì gbógun wá, wọ́n ní kí wọ́n túúbá, Jake tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ wá dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré: "Nuts!" Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú ìtàn tẹ́lẹ̀, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, McAuliffe, ló fi dá àwọn ará Jámánì lóhùn ní Bastogne, ní Belgium, lóṣù kejìlá 1944, nígbà tí wọ́n ní kó juwọ́ sílẹ̀. Lédè tiwa, ká kàn ní ó sọ pé "ẹ gbé e dànù jàre". Àmọ́ ẹ̀pà náà ni nuts lédè òyìnbó.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ ni CBS kánsù Jericho. Àwọn fáànù ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀pà ránṣẹ́ sí CBS. Ẹnì kan á fi dọ́là díẹ̀ sílẹ̀, ilé ìtajà kan ní New Jersey tó ń ta ẹ̀pà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, á wà á lọ síwájú ọ́fíìsì CBS. Ó tó 20 tọ́ọ̀nù ti àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà tó yá, ìyẹn bíi 18,000 kílò. Ẹ fojú inú wò ó: tó bá jẹ́ àpò ẹ̀pà oníkílò 50, ó tó bí àpò 360, nínú ọ́fíìsì àwọn tó wọ kóòtù! Àwọn àgbà ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀pà bóró, torí lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹfà, Nina Tassler tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ kọ̀wé sí àwọn fáànù pé wọ́n máa ṣe apá méje sí i, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má fi ẹ̀pà ránṣẹ́ mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ohun tiyín, ẹ mú u látinú fíìmù náà, kẹ́ni tó bá rí i béèrè pé kí lèyí, kẹ́ ẹ sì ti ní ìdáhùn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tí kò wọ́n, tí kì í jẹrà, tí kì í fọ́ lọ́nà. Àwọn tó gba fíìmù Roswell sílẹ̀ ní 2000, ìgò ata Tabasco ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, torí àwọn ẹ̀dá inú fíìmù náà tó wá láti ayé míì lójú ọ̀run fẹ́ràn ẹ̀ bí nǹkan míì. Èmi ò bá má fi ìgò ránṣẹ́ o, àmọ́ tiwọn dé.

Ẹ lọ bá ẹni tó ń sanwó

Ní oṣù kẹrin 2009, tí kò dájú pé NBC máa tẹ̀ síwájú pẹ̀lú Chuck, àwọn fáànù ò dúró lórí NBC nìkan. Subway tó ń ta búrẹ́dì gígùn ló ń polówó nínú fíìmù náà, àwọn fáànù wá ṣètò pé lọ́jọ́ tí apá ìparí síísìn bá jáde, kí kálukú lọ ra búrẹ́dì níbẹ̀, kó sì sọ fún wọn pé nítorí Chuck lòun ṣe wá. Zachary Levi tó jẹ́ Chuck gan-an kó èrò lẹ́yìn lọ sí Subway kan ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bọ́ sẹ́yìn káńtà, ó ń bá wọn ṣe é. Fíìmù náà padà wá, owó Subway sì wà nínú ohun tó gbé e padà. Ó ṣe síísìn márùn-ún kó tó parí ní 2012. Lójú tèmi, nínú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ti dá, kò sí èyí tó tó èyí, torí owó tẹ́ ẹ bá ná ní ìwé ẹ̀rí, àwọn tó ń ka owó sì máa rí i.

Ẹ wò ó níbi tí wọ́n ti lè kà yín

Ọ̀rọ̀ ti àwa ará ilé rè é. Ẹni tó bá wa fíìmù sílẹ̀ lórí Telegram, tó tún pín in fún ogún èèyàn, kò sẹ́ni tó ka òun tàbí ogún èèyàn yẹn. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, mo mọ̀ pé sísan owó Netflix lóṣooṣù kì í ṣeré, ẹ lè para pọ̀ nínú ilé kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa jà fún fíìmù, ẹ wò ó lójú ọ̀nà tó tọ́, ẹ wò ó tán pátápátá, ẹ má wo apá méjì kẹ́ ẹ sùn lọ. Manifest tí NBC kánsù lóṣù kẹfà 2021, ìgbà yẹn gan-an ló dé orí Netflix ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn wò ó débi pé ó gòkè dé ipò kìíní níbẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tí Netflix máa kéde pé àwọn máa ṣe apá ogún sí i, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni wọ́n mú, ìyẹn 8/28 bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọjọ́, nọ́ńbà bàálù inú fíìmù náà sì ni 828. Family Guy náà, wọ́n pa á ní 2002, DVD ẹ̀ tí èèyàn ń rà wìtìwìtì àti àtúnwò ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló gbé e padà ní 2005.

Ọ̀rọ̀ owó dídá, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀: ẹ má gba owó títí ẹ fi mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi rà gan-an, kẹ́ ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì máa rí àkáǹtì náà, kẹ́ ẹ gbé rìsíìtì sínú gúrúùpù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ná an. Ẹni tó gba owó tiwa lọ́jọ́sí, a ò rí i títí dòní.

Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa gbà

Kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ máa gba síísìn odindi. Sense8, apá kan ṣoṣo bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ ni Netflix fi parí ẹ̀ ní 2018. Timeless, NBC kánsù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kejì wákàtí méjì ni wọ́n fún wọn lóṣù kejìlá 2018 kí ìtàn lè délé. Veronica Mars di fíìmù sinimá, àwọn fáànù ló dáwó ẹ̀ lórí Kickstarter, ìkànnì tí wọ́n ti máa ń dáwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2013, mílíọ̀nù méjì dọ́là tí wọ́n ń wá pé kí ọjọ́ kan tó pé, èyí tí wọ́n rí lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Tí wọ́n bá fún yín ní ẹyọ kan tó máa parí ìtàn, ẹ gbà á.

Tí wọ́n bá sì fún yín ní síísìn, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nínú lẹ́tà ọjọ́sí yẹn, Tassler sọ fún àwọn ará Jericho pé kí wọ́n wá èèyàn kún ara wọn, torí àwọn tó ń wò ó ò tíì pọ̀ tó. Apá méje yẹn bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì 2008, èrò tó wá ò tó, CBS tún kánsù ẹ̀ lóṣù kẹta, lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Torí náà èyí tá a jà gbà padà nínú gúrúùpù tiwa, alẹ́ tó bá jáde, kálukú gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan tí ò wò ó rí wá jókòó tì í. Èmi mú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó sùn lọ ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn títí tó fi parí, wọ́n kà á.