Bí a ṣe lè bá olùkọ́ tuntun rìn fún ọdún méjì: ìlànà fún ilé-ìwé àti yunifásítì ní agbègbè Ọ̀yọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bá wà lẹ́nu TP (ìkọ́ni tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dánra wò nínú ilé-ìwé), ó kéré tán, èèyàn méjì ni ó ń ṣọ́ bí ó ṣe ń kọ́ni: olùkọ́ tí ó ni kíláàsì náà, àti alábẹ̀wò tí yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ rán wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, tí wọ́n sì fa rẹ́jísítà kíláàsì lé e lọ́wọ́, gbogbo ojú wọ̀nyẹn a kúrò lára rẹ̀. Ọdún tí iṣẹ́ wúwo jù lọ ni ó máa ń dá gbé e. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí ilé-ìwé kan àti yunifásítì kan ṣe lè fohùn ṣọ̀kan láti wà pẹ̀lú irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, nítorí mo gbà pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ olùkọ́ kò ṣeé kọ́ àfi nígbà tí kíláàsì bá ti di tẹni.

Kò yẹ kí èyí ṣòro ní Ọ̀yọ́. Ní 1896 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìlú yìí, ilẹ̀ rẹ̀ náà sì ni Yunifásítì Ajayi Crowther tẹ̀dó sí ní 2005. Ní 1977 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn ọmọ tí wọ́n nílò àkànṣe ìtọ́jú sílẹ̀, Ọ̀yọ́ níbí ni ó sì wà, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Emmanuel Alayande sì di yunifásítì fún ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní 2022. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ TP ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàrin àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀nyí àti àwọn ilé-ìwé ìlú. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí igbó bò ó lẹ́yìn TP ni ó kù.

Wọ́n sì ti ṣe irú rẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, àwọn olùkọ́ yunifásítì Ifẹ̀ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ṣe ìwé tí wọn yóò fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò lò ó. Ọ̀rọ̀ èdè ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí iṣẹ́ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí èmi fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ni pé àwọn ará yunifásítì kò jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n máa retí olùkọ́. Àwọn ni wọ́n gbéra lọ bá a níbi iṣẹ́.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀

Ọ̀gá ilé-ìwé àti olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní yunifásítì ni kí wọ́n jọ jókòó. Ojú ìwé kan ṣoṣo tó: iye olùkọ́ tuntun tí ọ̀rọ̀ kàn, orúkọ olùtọ́sọ́nà ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn (olùkọ́ inú ilé-ìwé náà tí yóò máa bá a rìn), iye ìgbà tí olùkọ́ yunifásítì yóò wá ní sáà kan, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ tí ó bá jáde nínú iṣẹ́ náà. Ilé-ìwé girama ti ìjọba ní láti fi tó TESCOM, àjọ ìpínlẹ̀ tí ó ń bójú tó àwọn olùkọ́ girama, létí, ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ní láti fi tó SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, létí. Ẹ má ṣe fi owó ọkọ̀ sílẹ̀ fún àsọyé ẹnu. Láti inú ìlú Ọ̀yọ́ dé Jọbẹlẹ̀ tàbí Fìdítì kò jìnnà lójú ẹni tí ó ní mọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àbẹ̀wò ni ó ti kú sórí ọ̀rọ̀ ta ni yóò san án.

Kí ó sì hàn kedere nínú ìwé náà pé ètò yìí kò rọ́pò ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Yíyan olùtọ́sọ́nà

Ọ̀gá ilé-ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ olùtọ́sọ́nà, igbákejì rẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Àwọn ni wọ́n ń kún fọ́ọ̀mù APER, ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, lọ́dọọdún, kò sì sí olùkọ́ tuntun tí yóò sọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ fún ẹni tí yóò kọ ìwé nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Ẹ wá ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kan náà, tí ó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí kì í bínú bí ẹlòmíràn bá wọlé jókòó sí kíláàsì rẹ̀. Ìwà kẹta yìí ni ó ṣọ̀wọ́n jù, òun náà ni mo sì fi ṣe pàtàkì jù. Àgbà tí ó gbóná lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra kò lè tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ físíìsì kan ṣoṣo ni ilé-ìwé ní, tí òun náà sì jẹ́ tuntun, ẹ fún un ní olùtọ́sọ́nà láti ẹ̀ka mìíràn fún ọ̀rọ̀ kíláàsì, kí olùkọ́ yunifásítì sì gba ọ̀rọ̀ físíìsì mú.

Ẹ yan igbákejì fún olùtọ́sọ́nà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n lè fún olùkọ́ ní lẹ́tà ìṣípòpadà nígbàkígbà, kò sì yẹ kí olùkọ́ tuntun di ọmọ òrukàn ní àárín sáà.

Àkókò

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹsàn-án 2021, ọdún méjì ni ìtọ́sọ́nà olùkọ́ tuntun jẹ́, wọ́n sì dín ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú àkókò ìkọ́ni rẹ̀ lọ́dún kìn-ín-ní, àti ìdá márùn-ún lọ́dún kejì. Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé wa yóò sọ: olùkọ́ kò tó. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré ju ìyẹn lọ. Ẹ fún olùkọ́ tuntun àti olùtọ́sọ́nà rẹ̀ ní píríọ́dù kan péré lọ́sẹ̀ tí àwọn méjèèjì kò ní kíláàsì, ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ àkókò iṣẹ́, kí ẹ má sì ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tí olùkọ́ kan bá ṣàìsàn.

Ohun kejì kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: ẹ má ṣe di gbogbo ẹrù lé àlejò lórí. Ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kíláàsì mẹ́fà ni wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, wọ́n sì fi eré ìdárayá kún un. Ní ìparí sáà kejì, ọ̀gá kan wọlé, ó jókòó sẹ́yìn fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì jáde. N kò mọ ohun tí ó kọ títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ wo olùkọ́ tuntun. Òun ni kí ó lọ jókòó sí kíláàsì olùtọ́sọ́nà rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ igbá fífín ní Ọ̀yọ́ níbí yóò kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀gá rẹ̀, yóò máa wo bí ọwọ́ ọ̀gá ṣe ń yí igbá sí ojú ọ̀bẹ, kí ó tó dá ilà tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó máa wò lójúmọ́. Lónìí, kí ni olùkọ́ ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kí ariwo tó rọlẹ̀? Lọ́la, báwo ni ó ṣe dá ọmọ tí ó ṣì dáhùn lóhùn? Kí ó kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mú un wá.

Mo tẹnu mọ́ kíkọ sílẹ̀ nítorí bí a ṣe tọ́ wa. Ọmọdé kì í tako àgbà lójú àwùjọ, àti pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà" ni ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu ọ̀dọ́ olùkọ́, bí ohun tí wọ́n sọ fún un kò tilẹ̀ yé e rárá. Ọ̀wọ̀ yìí dára, n kò sì fẹ́ kí ó parun, ṣùgbọ́n ó lè bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀ fún odindi ọdún kan. Ìbéèrè tí a kọ sórí ìwé a máa jáde níbi tí ẹnu kò ti ní lè sọ ọ́. Olùtọ́sọ́nà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: níwájú àwọn ọmọ, kí ó máa fi "ẹ" bá olùkọ́ tuntun sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i lọ́mọ, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé olùkọ́ wọn ni.

Wíwo kíláàsì, àti ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e

Lẹ́yìn èyí, olùtọ́sọ́nà lè máa wo olùkọ́ tuntun ní ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò ṣáájú lórí ohun kan tí yóò wò. Ẹ jẹ́ kí n fi bí ó ṣe ń rí hàn yín.

Ká sọ pé olùkọ́ tuntun kan ń kọ́ JSS 1 bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá, ó sì ti ní kí olùtọ́sọ́nà òun bá òun ṣọ́ àwọn ọmọ tí òun ń pè dáhùn. Olùtọ́sọ́nà náà, ìyá àgbà kan, ya àwòrán àwọn bẹ́ǹṣì sínú ìwé, ìlà mẹ́fà. Olùkọ́ kọ ìdá kan nínú méjì àti ìdá kan nínú mẹ́ta sójú pátákó. Gbogbo ìgbà tí ó bá pe ọmọ kan, olùtọ́sọ́nà a fa igi kan sórí àyè ọmọ náà. Nígbà tí agogo lù, igi mẹ́tàdínlógún ni ó wà níbẹ̀. Mẹ́tàlá wà ní ìlà méjì iwájú, kò sì sí ẹyọ kan lápá fèrèsé. Ní ìlà karùn-ún, ọmọkùnrin kan ti kọ ìdá méjì nínú márùn-ún, ó yọjú wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀, ó sì fi rọ́bà pa á rẹ́. Olùkọ́ kò rí i, nítorí ìdáhùn tí ó tọ́ ti ti iwájú wá.

Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilé-ìwé tó jáde, kí wọ́n jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Olùtọ́sọ́nà gbé àwòrán náà síwájú rẹ̀, ó ní: "Ẹ wò ó dáadáa, kí ni ẹ rí?" Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ṣòro fún àwa àgbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Olùkọ́ wò ó títí, ó ní: "Mà, mi ò pe ẹnikẹ́ni lápá fèrèsé." Ìgbà náà ni ó tó sọ ti ọmọ ìlà karùn-ún fún un, wọ́n sì jọ wá ohun tí yóò ṣe lọ́la: kí ó fi ìdáhùn tí ọmọ náà pa rẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ó bi kíláàsì bóyá ìdá méjì nínú márùn-ún tó ìdajì, kí ó sì bi wọ́n bí ìdajì tí a fi nǹkan kún ṣe lè wá kéré sí ìdajì. Ohun kan náà ni wọn yóò tún wò nígbà tí olùtọ́sọ́nà bá padà wá. Kò sí máàkì, kò sí "ó dára" tàbí "kò dára", kò sì sí ìwé kankan tí ó lọ sí ọ́fíìsì.

Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì

Kí ó wá ní ẹ̀ẹ̀kan ní sáà, ó kéré tán, kí ó sì jókòó pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Bí ó bá wá bí alábẹ̀wò TP, tí ó ń wá àléébù, ó ti ba ètò jẹ́. Ìmọ̀ tí ó gbòòrò ni ó mú wá: ó lè sọ ìdí tí àwọn ọmọ fi máa ń ro nọ́ńbà òkè pọ̀ mọ́ ti òkè, àti ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, bí ti ọmọ ìlà karùn-ún yẹn. Òun náà yóò mú nǹkan padà, nítorí ohun tí ó bá rí ní Àwẹ́ tàbí Ìlọrà yẹ kí ó yí ohun tí yóò kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ padà. Láàrin àbẹ̀wò, fóònù tó: ohùn tí a gbà sílẹ̀ sórí WhatsApp, tàbí àwòrán iṣẹ́ inú ìwé àwọn ọmọ, pẹ̀lú orúkọ wọn tí a ti bò. Kí yunifásítì pe gbogbo àwọn olùkọ́ tuntun jọ lẹ́ẹ̀kan ní sáà, láìsí ọ̀gá kankan níbẹ̀, nítorí ohun púpọ̀ wà tí ẹgbẹ́ nìkan ni ó lè sọ fún ẹgbẹ́.

Bí yunifásítì bá lọ sí ìyanṣẹ́lódì, kí ìpàdé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì inú ilé-ìwé máa lọ bí ó ṣe ń lọ.

Ọdún kejì

Ẹ dín wíwo kíláàsì kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kí olùkọ́ yan ìṣòro kan tí ó ń dùn ún, bí àpẹẹrẹ, ìdí tí ìdajì àwọn ọmọ JSS 2 kì í fi í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ó wádìí rẹ̀ fún sáà kan, kí olùkọ́ yunifásítì ràn án lọ́wọ́ lórí ọ̀nà ìwádìí, kí ó sì ka ojú ìwé méjì tí ó bá kọ sétígbọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ yòókù. Bí àárín òun àti olùtọ́sọ́nà kò bá wọ̀, ẹ pààrọ̀ olùtọ́sọ́nà náà láìbi ẹnikẹ́ni ní ìdí.

Ní ọjọ́ tí sáà ìkẹyìn bá parí, ẹ kó gbogbo àkọsílẹ̀ olùtọ́sọ́nà, àwòrán bẹ́ǹṣì àti gbogbo rẹ̀, lé olùkọ́ náà lọ́wọ́ kí ó gbé e lọ sílé. Tirẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ wọ fáìlì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi í bóyá yóò gbà kí olùkọ́ tí ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án wá jókòó sí kíláàsì òun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.